Kí Ni Ìwọ Rí? Ọ̀rọ̀ Nípa Àwọn Ọmọ Tí Àwọ̀ Ń Dàrú Mọ́ Lójú

Lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá bá kan orí ẹ̀kọ́ àjogúnbá nínú Bàọ́lọ́jì, olùkọ́ a kọ lẹ́tà X àti Y sí ojú pátákó, a sì ṣàlàyé bí ìyá tí ojú tirẹ̀ dá ṣáṣá ṣe lè bí ọmọkùnrin tí kò lè dá àwọ̀ pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ a dà á kọ sínú ìwé wọn, wọn a há a sórí, wọn a sì dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò WAEC. Máàkì a wọlé, orí ẹ̀kọ́ náà a sì parí síbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó yẹ kí a bi wọ́n lọ́jọ́ náà ni a kì í bi wọ́n: ta ni nínú yín ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí?

Mo fẹ́ fi àyè tí a fún mi nínú ìwé àjọ̀dún yìí bẹ̀bẹ̀ pé kí ilé ẹ̀kọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìbéèrè náà, kí a sì máa bi í nígbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìíní, kì í ṣe nígbà tí ó bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti jáde. Àkókò àjọ̀dún ni àkókò tí a ń ka ohun tí a ti ṣe: ilé tí a kọ́, ife-ẹ̀yẹ tí a gbà, àwọn dókítà, agbẹjọ́rò àti olùṣọ́-àgùntàn tí wọ́n jáde láàárín wa. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ àkókò tí ó yẹ kí a wo ẹ̀yìn wò, kí a bi ara wa pé àwọn wo ni wọ́n ti jókòó láàárín wa fún ọdún mẹ́fà gbáko tí a kò mọ ohun tí ojú wọn ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún orúkọ kan ṣe. Àwọn kan a máa pe irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní afọ́jú àwọ̀. Orúkọ náà kò bá wọn mu rárá. Afọ́jú kọ́ ni wọ́n. Ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ka lẹ́tà tí ó kéré jù lọ lára pátákó oníṣègùn ojú. Ó lè rí ẹyẹ tí ó bà sórí ìrókò láti òkèèrè. Ó lè wa ọkọ̀, ó sì lè fi okùn bọ ojú abẹ́rẹ́. Ohun tí ó yàtọ̀ nípa tirẹ̀ ni pé àwọn àwọ̀ kan tí ó jìnnà síra lójú wa sún mọ́ra lójú tirẹ̀, nígbà mìíràn títí wọ́n fi di ọ̀kan náà. Nítorí náà ni mo ṣe pè é ní àìdá-àwọ̀-mọ̀, n kò pè é ní ìfọ́jú.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé wa. Nínú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gba ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n sì fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Àwọn tí ó wà fún àwọ̀ nínú wọn pín sí oríṣi mẹ́ta. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ jù lọ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti lọ sí ìhà pupa. Èkejì níbi tí ó ti lọ sí ìhà àwọ̀ ewé. Ẹ̀kẹta níbi tí ó ti lọ sí ìhà àwọ̀ aró. Kò sí èyí tí ó lè dá àwọ̀ mọ̀ ní òun nìkan nínú wọn. Ọpọlọ ni ó ń fi ìròyìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn, láti inú ìfiwéra náà ni gbogbo àwọ̀ tí a mọ̀ sì ti ń jáde. Bí oríṣi kan kò bá sí, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti èkejì, ohun tí ọpọlọ yóò fi wéra dín kù. Ẹni tí kò ní oríṣi ti pupa tàbí ti ewé kò ṣàìrí àwọ̀ rárá. Ó ń rí aró, ó ń rí ìyeyè, àti oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn tí ó wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ a máa pa pọ̀ mọ́ ọn lójú.

Jíìnì tí ó ń darí oríṣi ti pupa àti ti ewé wà lórí krómósóòmù X. Obìnrin ní X méjì. Bí ọ̀kan bá ní àbùkù, èkejì a máa dí i. Ọkùnrin ní ẹyọ kan ṣoṣo, láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó sì ti gbà á. Bí àbùkù bá wà níbẹ̀, kò sí èkejì tí yóò dí i. Ìdí nìyí tí ó fi wọ́pọ̀ láàárín ọkùnrin ju obìnrin lọ. Láàárín àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù, ó tó ọkùnrin 1 nínú 12 àti obìnrin 1 nínú 200. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pọ̀ kì í ṣe kò sí. Ẹ jẹ́ kí a ní ọmọkùnrin 2 péré nínú 100 ni ó ní in. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ní ọmọkùnrin 500 yóò ní 10 nínú wọn lọ́dọọdún. Ẹ wá ro iye ọdún tí a ti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kí ẹ wo iye tí ó ti gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé tí ó sì ti gba ibẹ̀ jáde.

Báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe lè wà láàárín wa tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀? Èdè wa fúnra rẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́ láti mọ̀ ọ́n. Láyé àwọn baba wa, orúkọ àwọ̀ ńlá mẹ́ta ni Yorùbá fi ń kó ayé jọ: funfun, pupa àti dúdú. Epo pupa, iyùn pupa, ẹni tí awọ ara rẹ̀ mọ́ sì ń jẹ́ ènìyàn pupa; èédú dúdú, aṣọ tí a rẹ sínú aró dúdú, ewé tí ó tutù yọ̀yọ̀ náà dúdú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí èyí rò pé àwọn baba wa kò ríran. Ojú aláró mọ aṣọ tí ó wọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan yàtọ̀ sí èyí tí ó wọ̀ ọ́ ní ìgbà mẹ́wàá, ẹnu wa sì ní pupa fòò, pupa rúsúrúsú àti dúdú kirikiri láti fi sọ ohun tí ojú rí. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ohun kan ni orúkọ àwọ̀, ohun mìíràn ni rírí rẹ̀. Orúkọ ń bẹ lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Rírí ń bẹ lójú ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti fara pamọ́ sí. Ọmọ tí kò lè dá àwọ̀ mọ̀ ti gbọ́ láti kékeré pé ẹ̀jẹ̀ pupa, pé ewé ní àwọ̀ ewé, pé àwọ̀ ewé àti funfun ni ó wà lára àsíá orílẹ̀-èdè wa. Bí a bá bi í léèrè, yóò dáhùn dáadáa, nítorí orúkọ nǹkan náà ni ó mọ̀. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ rò pé bí òun ti ń rí i ni gbogbo ayé ṣe ń rí i. Kò sí ẹni tí ó bọ́ sínú ojú ẹlòmíràn rí láti wo ayé láti ibẹ̀. Àfi ìgbà tí a bá rán an lọ sí oko láti ká ata tí ó pọ́n ni àṣírí tó máa ń tú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, pọ́n, ni a fi ń sọ pé èso ti pupa àti pé ó ti tó jẹ. Ẹni tí ó ń rí pupa yóò dúró lókèèrè, yóò sì mọ ẹsẹ̀ ata tí òun yóò yà sí. Ẹni tí kò rí i yóò bẹ̀rẹ̀, yóò máa fọwọ́ kàn án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì pẹ́ kí ó tó dé. Bí ó bá wá mú tútù mọ́ pípọ́n wálé, èébú tí yóò gbà ni pé, ‘Ṣé o kò lójú ni?’ Ó lójú. A kò bi í ní ohun tí ojú rẹ̀ rí ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn onímọ̀ kì í ṣe àjèjì sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. John Dalton ni, ẹni tí gbogbo ọmọ Kẹ́místrì mọ̀ nítorí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí átọ́ọ̀mù. A bí i ní ọdún 1766 ní abúlé Eaglesfield ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀, ọmọ ìjọ Quaker sì ni wọ́n. Ọmọ ọdún 12 péré ni nígbà tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìwé. Síbẹ̀, ó di ọdún 1792 kí ó tó dá a lójú pé ojú òun yàtọ̀. Ó ń wo òdòdó geranium kan tí ó ti máa ń rí lójú ọ̀sán bí ẹni pé àwọ̀ ojú ọ̀run ni ó ní. Nígbà tí ó wò ó lálẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là, ó rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà pátápátá. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wò ó. Wọ́n ní àwọn kò rí ìyípadà kan tí ó tó nǹkan. Arákùnrin rẹ̀ nìkan ni ó rí i bí òun ti rí i.

Ní ọdún 1794, Dalton ka ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ náà níwájú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Manchester. Ó sọ fún wọn pé níbi tí àwọn mìíràn ti ń ka àwọ̀ mẹ́fà nínú òṣùmàrè, òun kò rí ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ó rò pé omi inú ẹyinjú òun ni ó ní àwọ̀ aró, tí ó sì ń gba pupa mọ́ òun lójú, ó sì fi àṣẹ sílẹ̀ pé kí a yẹ ojú òun wò lẹ́yìn ikú òun. Ó kú ní ọdún 1844. Dókítà tí ó ṣí ẹyinjú náà rí i pé omi inú rẹ̀ mọ́ gaara. A tọ́jú ohun tí ó kù nínú rẹ̀ pamọ́, nígbà tí ó sì di ọdún 1995, àwọn onímọ̀ yọ DNA láti inú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé oríṣi sẹ́ẹ̀lì ti àwọ̀ ewé ni kò sí lójú rẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀ dé lẹ́yìn ikú rẹ̀ pẹ̀lú ọdún 151. A tún gbọ́ pé nígbà tí a mú un lọ síwájú Ọba William Kẹrin ní ọdún 1834, ẹ̀wù pupa fòò ti Yunifásítì Oxford ni a wọ̀ fún un. Àwọn Quaker ìgbà náà kì í wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn Dalton balẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí lójú tirẹ̀ àwọ̀ ewé igi ni ó ní.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọjọ́ orí ọkùnrin yìí. Ọmọ ọdún 26 ni ó jẹ́ ní ọdún 1792. Ó ti ṣe olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń kíyè sí ojú ọjọ́ lójoojúmọ́, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ènìyàn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àkíyèsí ni. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè gbé ayé fún ọdún 26 láìmọ̀ dájú pé òun kò rí pupa bí àwọn mìíràn ti ń rí i, kí ni a ń retí lọ́wọ́ ọmọ ọdún 11 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpótí rẹ̀ wọ ilé ìbùsùn? Àwọn tí ó ń sọ pé bí ọmọ bá ní ìṣòro kí ó wá sọ kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Ọmọ kò lè wá sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Àwa ni ó yẹ kí a wá a lọ.

Ẹ wá tẹ̀lé mi wọ inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, kí a wo ibi tí àwọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ tí a kò kíyè sí. Olùkọ́ fi bírò pupa ṣe àtúnṣe sínú ìwé tí ọmọ fi bírò dúdú kọ. Lójú àwọn kan nínú àwọn ọmọ tí mò ń wí, pupa a máa ṣú títí yóò fi jọ dúdú. Àtúnṣe náà kò yàtọ̀ sí ohun tí ó ń tún ṣe. Olùkọ́ Jọ́gíráfì ya àwòrán ilẹ̀ sí pátákó, ó fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa ààlà, ó fi ti àwọ̀ ewé fa igbó, ó sì ní kí ọmọ tọ́ka sí ààlà. Ní ọjọ́ eré ìdárayá, àwọn ọmọ Ilé Pupa àti àwọn ọmọ Ilé Aláwọ̀ Ewé ń sáré lórí koríko kan náà, ẹni tí ó fẹ́ gbé ọ̀pá fún ẹnì kejì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo èyí dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n kékeré tí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́fà kì í ṣe kékeré mọ́.

Inú yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì ni ó ti ń di ọ̀ràn ńlá. Nínú Kẹ́místrì, àwọ̀ ni ẹ̀rí. A ní kí ọmọ máa kán ásíìdì sínú álíkálì títí oògùn atọ́ka yóò fi yí àwọ̀ padà; methyl orange a máa jẹ́ ìyeyè nínú álíkálì, a sì di pupa nínú ásíìdì, ibi tí ó ti ń yí ni máàkì wà. A tún ní kí ó yẹ iyọ̀ irin wò: bí ó bá da sodium hydroxide sí i, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó jáde bá ní àwọ̀ ewé tí ó dọ̀tí, iron(II) ni; bí ó bá pupa bí irin tí ó dípẹtà, iron(III) ni. Àwọ̀ ewé tí ó dọ̀tí àti pupa ìpẹtà: bí ènìyàn bá jókòó láti wá àwọ̀ méjì tí yóò da ojú irú ọmọ yìí rú, ó ṣòro kí ó rí èyí tí ó ju ìwọ̀nyí lọ. Nínú Bàọ́lọ́jì pẹ̀lú, oògùn Benedict a máa kúrò ní àwọ̀ aró, a gba àwọ̀ ewé àti ìyeyè kọjá, kí ó tó di pupa bíríkì. Ọmọ náà lè mọ ìdí tí gbogbo rẹ̀ fi ń ṣẹlẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rí ni a ní kí ó kọ, kì í ṣe ohun tí ó mọ̀.

Kí ni ọmọ náà yóò ṣe? Èyí ni ó ń dùn mí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá kọ ohun tí ó rí, yóò kùnà, a ó sì ní kò fara balẹ̀. Bí ó bá tún kùnà, a ó ní olódo ni. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, yóò kọ́ ọgbọ́n: yóò yọjú wo ìwé ẹni tí ó jókòó tì í, yóò sì kọ ohun tí ẹni náà kọ. Máàkì yóò wọlé, olùkọ́ yóò yìn ín. Ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ láti kọ́ ọmọ ní òtítọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ pé òtítọ́ ojú rẹ̀ kò níye lórí, pé irọ́ tí ó bá ti ẹgbẹ́ mu ni ó ń mú ènìyàn yege. N kò rò pé ìyà kankan wà tí a lè fi jẹ ọmọ tí ó burú ju ìyẹn lọ.

Ọ̀ràn náà kò sì parí sí ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1875, ọkọ̀ ojú irin méjì kọlu ara wọn ní Lagerlunda ní ilẹ̀ Sweden, ènìyàn 9 sì kú. Frithiof Holmgren, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Uppsala, gbà pé òṣìṣẹ́ tí kò lè dá àwọ̀ iná mọ̀ lè wà nínú ohun tí ó fà á. Ó kó òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi jọ, ó sì ń ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ṣa àwọn tí ó bá jọra. Láti ìgbà náà ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ti di òfin fún iṣẹ́ ojú irin níbẹ̀, tí ó sì tàn dé ibòmíràn. Ní ọdún 1917, Shinobu Ishihara, dókítà ojú ní ilẹ̀ Japan, tẹ ìwé kan jáde tí a ń lò di òní: àwòrán tí ó kún fún àmì róbótó-róbótó, tí òǹkà kan fara pamọ́ sáàárín wọn. Gbogbo ènìyàn ni ó ń rí 12 tí ó wà lójú ewé àkọ́kọ́. Láti ojú ewé kejì lọ ni ọ̀nà ti ń yà.

Nítorí irú ewu bẹ́ẹ̀, àwọn iṣẹ́ kan wà títí di òní tí a kì í gba ènìyàn sí láìyẹ ojú rẹ̀ wò fún àwọ̀: wíwa bàálù, wíwa ọkọ̀ ojú irin, dídarí ọkọ̀ ojú omi. N kò bá òfin náà jà. Ẹ̀mí ènìyàn wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń bá jà ni pé kí ọmọ máa fi bàálù lá àlá láti kíláàsì kìíní, kí àwọn òbí rẹ̀ ta ilẹ̀, kí ó ka Físíìsì ní òru, kí ó wá jẹ́ pé níwájú tábìlì àwọn àjèjì, nígbà tí ó ti di géńdé, ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí a lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ fún un nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11. Àti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí ó bá tètè mọ̀ yóò yan ọ̀nà mìíràn tí ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ níbẹ̀, ọ̀nà náà sì pọ̀. Dalton di àgbà nínú ìmọ̀ Kẹ́místrì. Mark Zuckerberg tí ó dá Facebook sílẹ̀ kò lè dá pupa àti àwọ̀ ewé mọ̀ dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé àwọ̀ aró ni òun rí jù lọ, àwọ̀ náà ni ó sì fi ṣe ojú iṣẹ́ rẹ̀.

Mo mọ àwọn àtakò tí yóò wáyé. Ẹnì kan yóò ní owó kò sí. Ìwé Ishihara kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ nílò. Bí a bá pa á mọ́ kúrò nínú oòrùn kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣá, yóò lo ọ̀pọ̀ ọdún, nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ sì lè fi yẹ ọmọ kan wò ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àná kan ṣoṣo lè fi ẹ̀bùn àjọ̀dún kan rà á. Ẹlòmíràn yóò ní a ó fi àmì sára ọmọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí wúwo ju ti owó lọ. Nítorí náà, kí a yẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò ní òun nìkan, kì í ṣe lójú gbogbo kíláàsì. Kí a sọ àbájáde fún òun, fún òbí rẹ̀ àti fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ọmọ náà ti ní àmì lára tẹ́lẹ̀. Olódo àti aláìfarabalẹ̀ ni a kọ sí i. Èwo ni ó sàn?

Ẹ̀kẹta yóò ní àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kéré jù. Sí èyí, mo fẹ́ mú erékùṣù kékeré kan wá sí ìrántí, Pingelap, ní ilẹ̀ Micronesia láàárín Òkun Pàsífíìkì. Ní nǹkan bí ọdún 1775, ìjì líle kan pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ibẹ̀. Nǹkan bí 20 ni ó ṣẹ́kù. Ọ̀kan nínú wọn gbé jíìnì kan tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rí àwọ̀ kankan rárá, tí ojú sì máa ń ṣú ẹni náà nínú oòrùn. Lónìí, láàárín 5 sí 10 nínú 100 àwọn ará ibẹ̀ ni ó ní in. Oliver Sacks, dókítà tí ó lọ bẹ̀ wọ́n wò, kọ odindi ìwé nípa wọn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò jókòó kalẹ̀ máa sunkún. Nínú òkùnkùn ojú wọn a máa ṣiṣẹ́ dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di apẹja òru, nítorí ìlú wọn mọ̀ wọ́n, ó sì fi iṣẹ́ tí ó bá ojú wọn mu lé wọn lọ́wọ́. Níbi tí a bá ti mọ ènìyàn, a ó rí iṣẹ́ fún un. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kí wá ni mo ń béèrè? Èkíní, kí a yẹ gbogbo ọmọ tuntun wò, ọkùnrin àti obìnrin, ní sáà àkọ́kọ́. Èkejì, kí olùkọ́ má ṣe fi àwọ̀ nìkan sọ̀rọ̀ mọ́: kí ó kọ orúkọ sí ara ohun tí ó bá yà, kí ó fa ilà kan gbọọrọ kí ó sì fi àmì kán-kàn-kán fa èkejì, kí ó fi ilà sí abẹ́ àtúnṣe rẹ̀. Èyí kò gba kọ́bọ̀, yóò sì ran ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn kíláàsì lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta, nínú yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì, kí a jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹnì kan tí yóò máa pe àwọ̀ fún un, kí òun sì ṣe àlàyé àti ìṣirò rẹ̀. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì kọ̀wé sí àwọn aṣèdánwò nípa rẹ̀ kí ọjọ́ ìdánwò tó sún mọ́lé. Ẹ̀kẹrin, kí olùkọ́ tí ó ń darí àwọn ọmọ sí iṣẹ́ ọjọ́ iwájú bá a sọ òtítọ́ ní kùtùkùtù nípa iṣẹ́ tí ó ṣí sílẹ̀ fún un àti èyí tí ó tì.

Sí ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo ní. Ẹ má ṣe fi jẹ́ ẹ̀bi ìyá. Òótọ́ ni pé láti ara ìyá ni ọmọkùnrin ti ń gbà á, ṣùgbọ́n ìyá náà gbà á láti ara àwọn òbí tirẹ̀, kò sì sí ohun tí ó jẹ tàbí tí kò jẹ tí ó fà á. Ẹ má ṣe ra oògùn. Èyí tí a bí mọ́ ènìyàn kì í pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì sí oògùn tí ń wò ó. Awò aláwọ̀ tí wọ́n ń tà lè mú kí àwọn kan rí ìyàtọ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í fi sẹ́ẹ̀lì tí kò sí síbẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi jíìnì sí ojú àwọn ọ̀bọ kékeré tí kò rí pupa, àwọn ọ̀bọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a mọ̀. Dalton ni wọ́n sọ ọ̀kan nínú wọn. Ìrètí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì di ìwòsàn fún ọmọ yín. Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tí ó ti ń dá àwọ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni àwọ̀ ṣàdédé ń ṣá mọ́ lójú, ìyẹn kì í ṣe àjogúnbá. Àìsàn tàbí oògùn tí ó ń lò lè wà nídìí rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.

Nínú ìwé Ìhìn Rere Máàkù, a kà nípa ọkùnrin kan ní Bẹtisáídà tí Jésù gbé ọwọ́ lé lójú. Ohun tí ó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé Olúwa kò sọ fún un ní ohun tí ó yẹ kí ó rí. Ó bi í léèrè ohun tí ó rí ni. Ọkùnrin náà sì sọ ọ́ bí ó ti rí gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ó rí kò bá ti àwọn ẹlòmíràn mu. A kò bá a wí nítorí rẹ̀. Láti ibi ìdáhùn òtítọ́ náà ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àná, ọdún tí a ń wọ̀ yìí, bí àwọn ọmọ tuntun bá ti tò sí iwájú ọ́fíìsì nọ́ọ̀sì tí a ń wọn gíga wọn tí a sì ń wọn bí wọ́n ti wúwo tó, ẹ jẹ́ kí ìwé kékeré kan wà lórí tábìlì náà pẹ̀lú. Kí nọ́ọ̀sì ṣí ojú ewé kejì, kí ó sì bi ọmọ kọ̀ọ̀kan léèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé: kí ni ìwọ rí? Ohunkóhun tí ó bá wí, kí a gbà á gbọ́, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti ibẹ̀.